Ọ̀gá Pátápátá àti Ẹ̀yìn Ìwé

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó ń rìn bí ẹni pé lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́dàá fẹ́ dá ilẹ̀, òun ni wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè, ẹ̀yin ará mi, ẹ má bínú sí i. Ẹ kàn yà fún un lọ́nà, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ẹni tó ń wòkè rìn yóò ti kọsẹ̀ kì í jìnnà.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí Ilé Eré Ìjọba. Olùdarí Àgbà ni oyè rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó ní "àgbà" nìkan kò kún ẹnu, pé kò sí ilé tí àgbà kò sí. Ló bá fi ara rẹ̀ jẹ òmíràn, ó ní Ọ̀gá Pátápátá ni kí gbogbo ayé máa pe òun. Ó kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, ó kọ ọ́ sára ife tó fi ń mu omi, ó tún kọ ọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀, àfi bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí àga má gbàgbé ìdí tó jókòó lé e.

Nínú ilé eré yìí kan náà, obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára ilẹ̀kùn kankan. Ìyá Kòtò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Níwájú orí ìtàgé, nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn òṣèré, kòtò kékeré kan wà tí wọ́n fi pákó bò lórí bí ilé adìẹ. Inú rẹ̀ ló ń jókòó. Òṣèré ń rí ojú rẹ̀, òǹwòran kò rí i. Bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ lórí òṣèré láàárín eré, òun ni yóò kà á sókè sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti inú ìwé ọwọ́ rẹ̀, òṣèré yóò sì gbé e sáfẹ́fẹ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n láti inú oyún. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti ń ṣe é. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ni káfíńtà ibẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó orí kòtò náà, tó sì gbẹ́ ihò kan sápá ọ̀tún fún gílóòbù, nítorí ó ní kíka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nínú òkùnkùn kò ní fọ́ ìyàwó òun lójú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ló ń rán aṣọ eré nínú yàrá kan lókè. Bí ilé eré yẹn bá dúró, ìyá àti ọmọ á jẹun. Bí ó bá wó, orí wọn ló máa wó lé.

Bàbá arúgbó tó wà nínú kòtò ṣáájú rẹ̀ ti fi òfin méjì lé e lọ́wọ́. Èkíní, ẹni inú kòtò kì í sọ ti inú ara rẹ̀, ohun tó bá wà nínú ìwé ni kó kà. Èkejì, bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni inú kòtò kì í dákẹ́. Nítorí pé Ìyá Kòtò bẹ̀rù Ọlọ́run, ó fi ẹ̀kẹta kún un fúnra rẹ̀: òun kì í ka lẹ́tà tí wọn kò kọ sí òun.

Ẹ wá gbọ́ àṣírí kan. Ojú Ọ̀gá Pátápátá ti ń ṣe bàìbàì tipẹ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní lo awò ojú. Ó ní awò ń bo iyì ojú ọ̀gá. Nítorí náà, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ ní gbangba láti ọdún mọ́kànlá, Ìyá Kòtò ló ń kà á sí i ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀, tí òun sì ń sán an bí àrá lókè. Kò fìgbà kan gbọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Ohùn ara rẹ̀ ló máa ń gbọ́, ìyẹn sì tó o.

Nígbà tó yá, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ọjà gbówó lérí, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn bí ewé ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó ń wo eré lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kò yọjú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mọ́. Ta ló fẹ́ fi owó oúnjẹ lọ wo ọba tó ń jẹun lórí ìtàgé? Ìjọba gé owó ilé eré sí ìdajì. Kò pẹ́, ó tún gé ìdajì náà.

Ọ̀gá Pátápátá pe ìpàdé. Nínú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ṣe é. Akọ̀wé rẹ̀ ló ṣáájú wọlé, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ mìíràn kì í sábà jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú ọ̀gá.

"Ẹ dìde!" ni Bẹ́ẹ̀ni kígbe. Wọ́n dìde. "Ẹ jókòó!" Wọ́n jókòó. "Ẹ tún dìde! Ọ̀gá ní àwọn kò rí i dáadáa!"

Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà náà ni Ọ̀gá Pátápátá gun orí ìtàgé, ó na ọwọ́ méjèèjì, Ìyá Kòtò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nísàlẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni Ọ̀gá wí, bẹ́ẹ̀ èèyàn méje níbẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí, "ìjì ń jà. Ìgbì ń ru. Ọkọ̀ wa ń mì lójú omi. Ṣùgbọ́n ta ni atukọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá!"

"Ta ni òpó ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni!"

"Ta ni òrùlé rẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ọ̀gá!"

Òṣèré kan tó rí tín-ín-rín, tó jókòó sẹ́yìn, rọra sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ó ku kí ó jẹ́ ilẹ̀kùn, kí á lè ríbi jáde."

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dá lórí bí kò ṣe yẹ kí èèyàn máa fi nǹkan ṣòfò. Aago mẹ́sàn-án ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, aago méjìlá ti kọjá, ẹni méjì ti sùn, ohùn Ìyá Kòtò sì ti há.

Àṣẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Eré kan wà tí wọ́n máa ń ṣe, nípa ọba kan tó gbẹ́sẹ̀ lé kànga ìlú tó ní òun nìkan ni yóò máa mu níbẹ̀. Èèyàn méjìlá ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

"Méjìlá!" ni Ọ̀gá Pátápátá wí. "Ṣé ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́ ni? Mẹ́ta tó."

Bí òṣèré tín-ín-rín yẹn ṣe di Ẹni-Mẹ́rin nìyẹn. Òun ni olórí ogun, òun ni ìránṣẹ́, òun ni bàbá olorì, òun náà sì ni ọ̀tá ìlú. Nígbà tí olórí ogun àti ọ̀tá bá wá pàdé, á fi idà gún afẹ́fẹ́ lápá ọ̀tún, á sáré bọ́ sápá òsì, á ké "Yéè!", á ṣubú lulẹ̀, á tún fò dìde kíákíá láti yọ̀ pé òun ti ṣẹ́gun. Ìyá Kòtò ní láti máa nàka sí i láti ìsàlẹ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá òkú lòun tàbí alààyè.

Ọ̀gá ní iná ń jẹ owó. Wọ́n gbé eré kúrò nírọ̀lẹ́ wá sí aago méjì ọ̀sán, wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀. Ẹni-Mẹ́rin á dúró lórí ìtàgé, á ní, "Òru yìí mà ṣókùnkùn o, n kò rí ọwọ́ ara mi," oòrùn á sì máa jó o lójú. Bàbá kan láàárín òǹwòran á dá a lóhùn pé, "Òun nìyẹn o, ó wà lápá rẹ!" Ọ̀gá ní àga gbọ̀ngàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Wọ́n kó ìdajì àga tà, kí gbọ̀ngàn lè máa kún. Ó ní kọ́tìnì gùn jù. Wọ́n gé e, wọ́n fi èyí tí wọ́n gé kúrò wọ àga ọ́fíìsì rẹ̀ láṣọ. Gílóòbù inú kòtò pàápàá, wọ́n tú u, wọ́n lọ fi í síwájú àwòrán Ọ̀gá Pátápátá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń wọlé má baà ṣì í mọ̀.

"Ọ̀gá, inú kòtò ṣókùnkùn," ni Ìyá Kòtò wí.

"Ìyá yìí, ṣé eré lo wá wò ni?" ni Ọ̀gá dá a lóhùn. "Ètè rẹ la nílò, a ò nílò ojú rẹ."

Ẹ ò gbọ́? Ọmọ àádọ́ta ọdún ló ń bá obìnrin ọlọ́gọ́ta ọdún sọ̀rọ̀ báyìí. Bí ìgbéraga bá wọlé, ẹ̀kọ́ ilé ló máa ń kọ́kọ́ tì síta.

Àṣẹ ìkẹyìn ni ti ìwé. "Láti òní lọ," ni Ọ̀gá kéde, "kò gbọdọ̀ sí tákàdá kan nílé yìí tí a ó kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ṣoṣo. Ìwé ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ìwé ṣòfò, ọ̀tá ìlú ni." Ó ní kí wọ́n má fi òwú di ìwé eré pọ̀ mọ́, nítorí òwú ń náni lówó. Ó ní kí wọ́n má tẹ nọ́ńbà sórí ìwé mọ́, nítorí nọ́ńbà ń jẹ tàdáwà.

Ni Bẹ́ẹ̀ni bá lọ kó gbogbo ìwé tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìdàlẹ̀nù ọ́fíìsì Ọ̀gá. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ó tó oṣù kan tí Ọ̀gá ti ń kọ lẹ́tà kan. Á pè é fún Bẹ́ẹ̀ni, Bẹ́ẹ̀ni á tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo tó kù nílé eré, Ọ̀gá á ní kò tíì dùn tó, á jù ú nù, á tún bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà nínú lẹ́tà náà? Ọ̀gá mọ̀, Ọlọ́run mọ̀. Bẹ́ẹ̀ni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀, nítorí kì í fi ọkàn sí ohun tó bá ń tẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn ìwé wọ̀nyí ló tẹ eré ọba sí, ó sì kó wọn fún Ìyá Kòtò láìdì wọ́n pọ̀, bí ewé tí afẹ́fẹ́ gbá jọ.

Ọmọ Ìyá Kòtò rí wọn lọ́jọ́ kan nínú yàrá ìránṣọ. Ó yí ọ̀kan padà.

"Màmá, nǹkan mà wà lẹ́yìn ìwé yìí."

"Ṣé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Rárá o. Ó jọ pé Ọ̀gá ló..."

"Dà á dojú bolẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá bá mi sọ kò ní pa mí lẹ́kún, kò sì ní pa mí lẹ́rìn-ín."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìròyìn dé pé Mínísítà ń bọ̀. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wo eré, kó tó pinnu bóyá ilé eré yóò máa wà nìṣó tàbí wọn yóò tì í.  Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Wọ́n ń dán eré wò láàárọ̀, wọ́n ń dán an wò lọ́sàn-án, Ẹni-Mẹ́rin ń bá ara rẹ̀ jà títí tó fi rọ lẹ́sẹ̀. Ó wá ku ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí Ọ̀gá Pátápátá wọlé tó ní òun fúnra òun ni yóò ṣe ọba.

"Ọba tòótọ́ ni Mínísítà gbọ́dọ̀ rí," ni ó wí.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ọba gùn o," ni Ẹni-Mẹ́rin wí. "Ojú ìwé mẹ́tàlá ni."

"Ṣé èmi ni mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ?"

"Ẹ̀yin ke? Ẹnu yín mà ni wọ́n fi ń bu omi òkun."

"O ṣeun," ni Ọ̀gá dáhùn, nítorí pé kò gbọ́ ọ yé.

Ó gba ọ̀rọ̀ ọba, ó fi ọ̀rọ̀ ńláńlá tirẹ̀ kún un títí tí ọba fi ń sọ̀rọ̀ bí Ọ̀gá Pátápátá gẹ́lẹ́, Bẹ́ẹ̀ni sì tún un tẹ̀ sẹ́yìn ìwé lẹ́tà tó kù. Ìdánrawò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá, ìyẹn náà nítorí kí wọ́n lè wọn adé sí i lórí ni. Bó ti ń lọ, ó tọ́ka sí kòtò.

"Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ẹni tó ń rán an létí. Bí Mínísítà bá ti lọ, ẹ kan pákó dí ihò yẹn."

 Ìyá Kòtò gbójú sókè láti ìsàlẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Bí wọ́n bá dí i, ta ni yóò máa ka ọ̀rọ̀ fún yín?"

"Kà fún ta ni? Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú mi bí omi inú kànga. Ìwọ kàn ń mí nísàlẹ̀ ni."

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ jẹun, Ìyá Kòtò kúnlẹ̀ nínú yàrá ìránṣọ, láàárín aṣọ olorì àti aṣọ ogun. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í.

"Màmá, ẹ ní kí Ọlọ́run mú un kúrò."

"Rárá, mi ò ní gbàdúrà ibi sí ọmọ ọlọ́mọ." Ó pa ojú dé. "Olúwa mi, Ìwọ tó dá etí. Mi ò ní kí O pa á. Mi ò ní kí O lù ú. Jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmín."

"Àmín," ni ọmọ rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé ó rò pé àdúrà náà ti tutù jù.

Ọjọ́ pé. Gbọ̀ngàn kún, ìyẹn ni pé ìdajì àga tó kù kún. Mínísítà jókòó níwájú gan-an, ó fi ọwọ́ lérí ikùn, kí wọ́n tó ka oyè Ọ̀gá Pátápátá tán ojú rẹ̀ ti ń pa dé. Eré bẹ̀rẹ̀. Ẹni-Mẹ́rin jáde bí ìránṣẹ́, ó jáde bí bàbá olorì. Lẹ́yìn náà ni ọba jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀ pàdánù. Adé ga débi pé ó kan kọ́tìnì tó kù. Aṣọ ìgúnwà gùn débi pé nígbà tí Ọ̀gá ti dé àárín ìtàgé, ìdí aṣọ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó dúró gangan lókè kòtò, ó tẹ́tí. Ìyá Kòtò kà, ó sọ. Ìyá Kòtò kà, ó sọ. Ojú ìwé mẹ́ta lọ báyìí láìsí wàhálà, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́.

Ìyẹn ló gun orí Ọ̀gá. Nígbà tó dé ibi tí ọba ti ń bínú, ó rò pé ìbínú ẹnu nìkan kò tó. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó sì fi í lu pákó, gbì! Kòtò mì. Eruku bọ́ sójú Ìyá Kòtò, ìwé tí wọn ò di pọ̀ sì fọ́n ká sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó ń fi ọwọ́ ra ilẹ̀ kiri. Kò sí gílóòbù. Kò sí nọ́ńbà. Ó mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó gbé e sí ìtànṣán tó ń gba àlàfo pákó wọlé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà ni, ọ̀rọ̀ ńláńlá kan náà ni. Ó kà á.

"Ọlọ́lá jùlọ," ni Ọ̀gá sán lókè, "mo wólẹ̀ níwájú yín bí koríko tó wólẹ̀ níwájú ìjì!"

Àtẹ́wọ́ ta. Mínísítà la ojú, ó rò pé òun ni wọ́n ń kí, ó mi orí.

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi sórí àga yìí, mi ò fi ojú kan oorun!"

Àtẹ́wọ́ tún ta.

"Ṣùgbọ́n ilé tí ẹ fi mí ṣọ́ ti di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ti Ilé Eré yìí pa!"

Àtẹ́wọ́ kò ta. Ìyá Kòtò ti rí ìlà tó kàn, ó sì ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Lẹ́tà ni. Lẹ́tà tí wọn kò kọ sí i ni. Ó pa ẹnu mọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ọ̀gá dúró, ó na ọwọ́, ó ń retí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ẹsẹ̀ kan pákó. Ó fi igun ẹnu sọ̀rọ̀ sísàlẹ̀. "Ńkọ́?"

"Ọ̀gá, ìwé yìí kọ́ o," ni ó dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo ní kà á."

"Ọ̀gá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yìn ìwé ni..."

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú Mínísítà ni? Ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀! O ò gbọdọ̀ fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan!"

Ìyá Kòtò mí kanlẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá-sẹ́yìn. Bí ẹni tó kọ lẹ́tà bá fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí o ka lẹ́tà òun, ìyọjúràn ti kúrò níbẹ̀, ó di iṣẹ́. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó sì kà á ketekete, bí ẹni tó ń ka ẹ̀kọ́ kíkà lọ́jọ́ ìsinmi.

"Kí ẹ lé àwọn òṣèré lọ," ni Ọ̀gá sán, "àti àwọn aránṣọ, àti obìnrin inú kòtò tí kò wúlò! Kí ẹ sọ ibẹ̀ di ilé ìkó-sìmẹ́ńtì-sí! Ní ti Mínísítà tó wà lórí wa, ẹ má jẹ́ kí n sọ púpọ̀. Orí rẹ̀ ṣófo bí gbọ̀ngàn wa lọ́jọ́ òjò! Bí eré bá bẹ̀rẹ̀, á sùn. Bí àtẹ́wọ́ bá ta, á jí, á rò pé òun ni wọ́n ń kí!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mínísítà ti la ojú méjèèjì pátá, irú èyí tí kò là rí nínú ilé eré.

"Mo bẹ̀ yín, Olórí Ìjọba, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èmi sípò rẹ̀! Ọkọ̀ rẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kó gbé e lọ. Àwọ̀ rẹ̀ bá mi mu! Èmi ni ìránṣẹ́ yín onírẹ̀lẹ̀, Ọ̀gá Pátápátá! Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti ka lẹ́tà yìí tán, ẹ dáná sun ún, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́!"

Ó ju apá méjèèjì sókè, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń dúró de ìyìn.

Ẹni kan ṣoṣo ló pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ni ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. "Ẹ dìde!" ló kígbe bó ti mọ́ ọn lára. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ó wá rí ojú Mínísítà. "Ẹ jókòó," ló wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bí ti ẹfọn.

Mínísítà nìkan ni kò jókòó. "Àwọ̀ ọkọ̀ mi bá ọ mu?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọ etí ẹni tó sọ ọ́, bí òkò tí èèyàn sọ sókè tó gbàgbé láti yẹ̀ fún. Òógùn bo Ọ̀gá. Adé yẹ̀ sápá kan.

"Ọlọ́lá jùlọ, eré ni o. Eré la ń ṣe."

"Ta ló kọ irú eré bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí kòtò pẹ̀lú adé lórí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá sọ̀rọ̀. "Màmá, ẹ gbà mí. Kí ni kí n sọ? Ẹ ka nǹkan míì fún mi!"

Ìyá Kòtò yí ìwé náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ọ̀gá," ló wí, àánú rẹ̀ sì ṣe é ní tòótọ́, "ìwé ti tán."

Mínísítà ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá. Ó rí orúkọ, ó rí oyè. Ẹ má rò pé nítorí ìyà àwọn òṣèré ni inú fi bí i o. Nítorí orí rẹ̀ tí wọ́n pè ní òfìfo ni, àti ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run tó ń fi ẹnu òpè sọ òótọ́ lè fi ìbínú onígbèéraga kan tún ohun tí onígbèéraga kejì bàjẹ́ ṣe.

"Ohun tí ọ̀dàlẹ̀ yìí bá ní kí a tì," ni Mínísítà kéde, "ṣíṣí ni yóò máa wà! Ṣé ilé ìkó-sìmẹ́ńtì-sí ló wù ú? Ẹ lọ fi í jẹ olórí ọ̀kan."

Wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà lẹ́yìn ìlú tí àpò sìmẹ́ńtì kankan kò sí nínú rẹ̀ nítorí ọrọ̀ ajé. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan, láti máa ṣọ́ òfìfo. Bẹ́ẹ̀ni ló fi ọ̀dà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ẹni-Mẹ́rin ni wọ́n ní kó ṣe adelé, wọ́n ní ó ti mọ bí ẹnì kan ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọmọ Ìyá Kòtò fúnra rẹ̀ ló gun àga, tó tú gílóòbù kúrò níwájú àwòrán ẹnu ọ̀nà, tó sì lọ fi í sínú ihò tí bàbá rẹ̀ gbẹ́.

Kí n má purọ́ fún yín, ọrọ̀ ajé kò tìtorí ìyẹn gbérí. Ọ̀sán ni wọ́n ṣì ń ṣeré, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ìròyìn ti ká ìlú, kò sì sí ẹni tó béèrè ọba àti kànga mọ́. "Eré lẹ́tà" ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Ẹni tí kò ní owó mú ọṣẹ wá, ẹlòmíràn mú àjákù aṣọ wá fún aránṣọ, àti nítorí pé àga kò tó, oníkálukú ń gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé. Ẹni-Mẹ́rin ń ṣe Ọ̀gá, ó ń ṣe Mínísítà, ó ń ṣe Bẹ́ẹ̀ni, ó sì ń ṣe ọba. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń gbàgbé ebi títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé jẹ́jẹ́, ó gbé àpótí tirẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ó wọ awò ojú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, àfi Ìyá Kòtò tó rí i láti àlàfo pákó.

Ẹni-Mẹ́rin dé ibi lẹ́tà. "Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ti Ilé Eré yìí pa..." Ọ̀rọ̀ tó kù bọ́ lórí rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀. Ìyá Kòtò la ẹnu, ìlà náà wà níwájú rẹ̀ kedere lábẹ́ gílóòbù. Kí ó tó kà á, ohùn kan dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

"Kí ẹ lé àwọn òṣèré lọ," ni ohùn náà wí, "àti àwọn aránṣọ, àti..."

Gbogbo orí yí padà. Ọkùnrin náà ti dìde láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ṣoṣo ló mọ̀ sórí látọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ láyé, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni etí rẹ̀ gbọ́ rí. Kò sán an bí àrá.  Ó dúró níbi "àti", kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn, ẹ̀rín àwọn èèyàn sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà náà ni wọ́n rí ohun tí òǹwòran kankan kò rí rí nínú ilé náà. Obìnrin arúgbó kan yọ orí jáde láti abẹ́ pákó, iná sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Àti obìnrin inú kòtò," ni Ìyá Kòtò rán an létí, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Ẹ máa bá a lọ, Ọ̀gá. Ẹ má fo ẹyọ ọ̀rọ̀ kan."